Ọwọ́ Ta Ló Wa Ọkọ̀ Náà?

Ọkọ̀ náà kọ̀, kò fẹ́ yí. Fadérera ti yí sítíárín sósì tán, táyà iwájú ń ké lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ ṣì dojú kọ ògiri òkúta funfun tó wà níwájú. Ó dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí bíréèkì, ó sì ní sùúrù. Táyà rí ilẹ̀ dì mú, imú ọkọ̀ sì wọ inú kọ́nà. Ó já jíà wá sí èkejì, ó tún yí i sósì lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé kọ́nà méjì ló so pọ̀ di èyí tí wọ́n ń pè ní Ìgúnpá, èkejì sì há ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí ọkọ̀ fẹ́ sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dá a padà, ó tẹ iná mọ́lẹ̀, ó sì gba iwájú àwọn òǹwòran kọjá fìrì.

"Ìṣẹ́jú kan gééré," ni Ẹlẹ́rìí wí lókè orí rẹ̀.

Bó ṣe rí lánàá nìyẹn. Bó ṣe rí lóṣù tó kọjá náà nìyẹn. Fadérera rọra wa ọkọ̀ náà wọ àgọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì dúró de ìbéèrè tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

"Ọwọ́ ta ló wa ọkọ̀ yìí?"

Ohùn Ẹlẹ́rìí dà bíi ti ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Kò ju ojú dígí kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ òrùlé ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe lè mira tí kò ní rí i, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nítòsí rẹ̀ tí kò ní gbọ́.

"Ọwọ́ mi ni."

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Fadérera yára tú bẹ́líìtì rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún márùn-ún wá tí wọ́n bá ti bi í ní ìbéèrè yẹn.

Múràínà, mẹkáníìkì rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wo aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "O tún ń ṣìkẹ́ táyà, àbí? Kí àwọn ọmọ má baà sá lọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùrọ̀dá Múràínà."

Kò ṣìkẹ́ nǹkan kan. Gbogbo agbára rẹ̀ ló lò. Ó bọ́ àkoto lórí, kò sì gbójú sókè, nítorí pé bó bá gbójú sókè, pátákó ni yóò rí. Lẹ́tà ara pátákó náà ga ju ènìyàn lọ: FADÉRERA ADÉGÒKÈ, ÌṢẸ́JÚ ÀÁYÁ MẸ́TÀDÍNLỌ́GỌ́TA. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba àṣẹ ọwọ́, ìwé tó gba ènìyàn láyè láti fi ọwọ́ wa ọkọ̀, gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà Kòtò yìí po láàárín àáyá mọ́kàndínlọ́gọ́ta, kó má fi ju àáyá méjì lọ pẹ́ ju Fadérera lọ. Bí wọ́n bá ní kí Fadérera fúnra rẹ̀ wá ṣe ìdánwò yẹn lónìí, yóò fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó kì í ṣe ìdánwò mọ́. Ó ń kọ́ni ni.

Èrò ti ń kún orí òkè tó yí Kòtò Ìgbẹ́tì ká. Láyé àwọn baba ńlá wọn, òkúta mábù ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n wà á jìn sí ni wọ́n wá da ọ̀dà sí, kọ́nà mẹ́sàn-án láàárín ọ̀nà tí kò gùn tó kìlómítà méjì. Àwọn òǹwòran ti Kíṣí wá, wọ́n ti Ṣakí wá, gbogbo wọn ló sùn tàbí jẹun lọ́nà nígbà tí ọkọ̀ adárìn, tí kò nílò awakọ̀, ń gbé wọn bọ̀. Wọ́n wá wo ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà wọn fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, kí wọ́n lè rí ènìyàn tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ láìsí ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà."

Ọláwùnmí Àkànjí ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó sì mọ ọkọ̀ wà ju gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí Fadérera tíì ní lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, àkoto rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá.

"Ọláwùnmí. Ṣé o sùn dáadáa?"

"Mi ò sùn rárá, mà." Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Nínú àwòrán fídíò ọjọ́ tí ẹ ṣe mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, èyí tí gbogbo wa fi ń kọ́ṣẹ́, ibi òpó irin lẹ ti tẹ bíréèkì kí ẹ tó wọ Ìgúnpá. Ọgọ́rùn-ún ìgbà ni mo ti wò ó. Àmọ́ bàbá mi ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn tó lè dúró di ibi òpó irin. Wọ́n ní ibi òkúta tí wọ́n kùn lẹ́fun, kí n tó dé òpó náà, ni kí n ti tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n dárúkọ wọn níbí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo tiẹ̀ bi wọ́n léèrè pé, ẹni tí wọ́n ká ẹ̀rọ ẹsẹ̀ kejì mọ́ lábẹ́ bàtà, kí ló kù tó fẹ́ kọ́ mi nípa bíréèkì? Wọn ò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Àǹtí, níbo gan-an ni?"

Ọkọ̀ ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Fadérera rí iná pupa kékeré tó ń tàn lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ń gbọ́.

Ó lè fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn àgọ́. Ó lè ní, "Gbọ́ ti bàbá rẹ," kó sì má fi nǹkan mìíràn kún un. Gbólóhùn kan péré ni. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ ti là.

"Bí o ṣe rí i nínú àwòrán ni kó o ṣe é," ló wí.

"Ẹ ṣé gan-an ni, Àǹtí." Ọláwùnmí tún kúnlẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Kíkúnlẹ̀ yẹn ló dun Fadérera ju ìbéèrè lọ.

Bàbá Àkànjí, bàbá Ọláwùnmí, ló kọ́ Fadérera ní bí wọ́n ṣe ń di sítíárín mú. Àwọn méjèèjì ló jọ ń wa ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ìjọba ní àṣẹ ọwọ́ ti pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè. Ogójì ni wọ́n fẹ́, mọ́kànlélógójì ló wà níta. Ẹni tó bá yí Kòtò pẹ́ jù lọ ni yóò dá tirẹ̀ padà. Fadérera mọ̀ pé òun ni yóò jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà yẹn, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ó wá ẹni tó ń ta ẹsẹ̀ kejì ní kọ̀rọ̀ kàn, nǹkan tí kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bíréèkì. Ẹ̀rọ náà mọ ìgbà tí táyà máa dì mú àti ìgbà tí yóò yọ̀; ó ń fa bíréèkì, ó ń tú u, lọ́nà tí ẹsẹ̀ ẹlẹ́ran ara kò lè gbà ṣe é. Ẹlẹ́rìí rí i pé bàtà Fadérera lọ sílẹ̀. Ó gbà pé Fadérera ló tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Èrò ya bo ojú ọ̀nà, wọ́n gbé e sórí èjìká. Kò ráàyè padà sídìí ọkọ̀ kó yọ nǹkan náà kúrò. Nígbà tó fi máa bọ́ lọ́wọ́ wọn, Bàbá Àkànjí ti jókòó sínú ọkọ̀ kan náà, ó ti yí Kòtò po lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti dúró láìtó àsìkò. Àwọn alábòójútó fi ọwọ́ ara wọn yẹ ọkọ̀ wò lọ́jọ́ náà. Níbi bíréèkì, lábẹ́ bàtà Bàbá Àkànjí, ni wọ́n ti rí i.

"Ta ló ni í?" ni wọ́n bi í.

Ọkùnrin náà wo Fadérera lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Èmi ni mo ni í," ló wí.

Fadérera wà níbẹ̀, aṣọ ìnura funfun tí wọ́n fi dá a lọ́lá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á jẹ́wọ́ lọ́la.

Wọ́n pe Ọláwùnmí ní agogo mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́fà ni yóò yí Kòtò po. Èyí tó bá yá jù ni wọ́n máa kà fún un. Fadérera dúró níbi ògiri àgọ́, Ìgúnpá sì wà níwájú rẹ̀ lódìkejì ọ̀nà, kò jìn.

Ọmọ náà wa ọkọ̀ bí ẹni ń ránṣọ. Kò jà pẹ̀lú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá dé Ìgúnpá, ibi òkúta ẹfun ló ti ń tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á tẹ orí ba díẹ̀, á wọ kọ́nà àkọ́kọ́, á tún wọ èkejì, kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn sá. Ó ń ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ sọ. Fadérera rí i, ara sì rọ̀ ọ́ wọ̀ọ̀. Ìkẹta jẹ́ ọgọ́ta àáyá. Ìkẹrin kò tó ọgọ́ta. Ní ìkarùn-ún, aago Múràínà dúró sí mọ́kàndínlọ́gọ́ta ààbọ̀.

"Ó ju ìwọ alára lọ láàárọ̀ yìí," ni Múràínà wí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ààbọ̀ àáyá ló kù fún un. Níbo ni yóò ti rí i?"

Fadérera mọ ibi tí yóò ti wá a.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ sókè. Ó ń pariwo, "Òkúta! Níbi òkúta!" bí ẹni pé ènìyàn lè gbọ́rọ̀ nínú àkoto. Ọkọ̀ náà jáde láti kọ́nà kẹfà, ó ń bọ̀ kíkankíkan. Ó kọjá òkúta ẹfun, kò dẹ́kun. Ó dé ibi òpó irin, iná ẹ̀yìn rẹ̀ tàn, níbẹ̀ gan-an, kò fi ìka kan yàtọ̀ sí bó ṣe wà nínú àwòrán. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì pa. Imú ọkọ̀ kọ̀, kò yí.

Ìró tó tẹ̀lé e kò pọ̀ bí ènìyàn ṣe lè rò. Ọkọ̀ náà ti forí sọ ògiri òkúta funfun.

Fadérera ti fo ògiri kọjá kó tó mọ̀ pé òun ń sáré. Ẹnìkan ti ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀: ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wọ bùbá àwọ̀ eérú, tó ti fo wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà lókè, tó sì ti yọ̀ gba orí òkúta sọ̀kalẹ̀. Eékún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá Àkànjí ni. Òfin kò gbà á láàyè láti dé ẹnu ọ̀nà Kòtò, kí a má tíì sọ ojú ọ̀nà.

Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kó tó kàn án, ilẹ̀kùn náà ti ara rẹ̀ pa: kà.

"A kò gba ọwọ́ yìí," ni ọkọ̀ náà wí.

Èéfín ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọláwùnmí wà nínú bẹ́líìtì, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ sì wà bí apá kò ṣe yẹ kó wà. Bàbá rẹ̀ fi bùbá wé ọwọ́, ó tún gbìyànjú. Kà. Ó lọ sí ilẹ̀kùn kejì. Kà. "A kò gba ọwọ́ yìí." Ó fi ìgúnpá lu dígí, dígí kò fọ́.

"Ọmọ mi ni!" ló ń sọ fún ọkọ̀ náà. "Mi ò ní wà á! Ọmọ mi ni mo fẹ́ gbé!" Ìgbà náà ló yíjú, ó rí i. "Fadérera, ṣí i. Mo bẹ̀ ọ́, ṣí i fún mi."

Fadérera kan ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ìka méjì. Ó ṣí wẹ́rẹ́.

Wọ́n gbé Ọláwùnmí lọ sí ilé ìwòsàn ní Kíṣí nínú ọkọ̀ aláìsàn tó ń dá rìn. Ó ti lajú kí wọ́n tó gbé e, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ò tíì padà bọ̀ sípò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú bàbá rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kó dúró kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pé ó rú òfin. Fadérera ní tirẹ̀, wọ́n pè é sí ọ́fíìsì Alága Kòtò.

Ìyáàfin Ọmọ́tóyọ̀sí ni Alága náà, obìnrin tó sanra, tó sì máa ń fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ojú dígí Ẹlẹ́rìí tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ tó fọ́ wà lórí tábìlì rẹ̀. Wọn ò tíì tan iná rẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi. Ọlọ́run ló yọ wá." Ó ti ìwé kan síwájú rẹ̀. "Awakọ̀ pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì. Ẹ̀bi awakọ̀ ni. Fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀, kí á lè parí ọ̀rọ̀ yìí."

"Bí mo bá fọwọ́ sí i, ńkọ́, mà?"

"O mọ òfin. Kò ní fọwọ́ kan sítíárín mọ́ láyé rẹ̀. Ó dùn mí fún un."

Fadérera kò mú bírò. "Kò pẹ́, mà. Ibi tí mo ní kó ti tẹ̀ ẹ́ ló ti tẹ̀ ẹ́."

"Ibi tí ìwọ náà ti ń tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ rí." Ojú rẹ̀ ń gbóná. Ilẹ̀ ló ń wò. "Èmi ni mo ni ẹsẹ̀ kejì ọjọ́ náà, mà. Bàbá Àkànjí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta yẹn kì í ṣe tèmi. Kò sí ẹni tó lè ṣe é. Gbogbo ọmọ tí a ti lé kúrò níbí pé wọn ò yá tó, èmi ni mo lé wọn."

Alága dìde, ó ti fèrèsé. "Gbọ́ mi dáadáa," ló wí ní ohùn jẹ́jẹ́. "Àwọn kan wà níjọba tó ń wá ìdí láti ti Kòtò yìí pa. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ogójì ènìyàn ló máa pàdánù iṣẹ́. A lè ṣàánú ọmọ náà, a lè kọ ọ́ pé bíréèkì ló bàjẹ́. Ìwọ á máa kọ́ni lọ. Iná Ẹlẹ́rìí kò tíì tàn, èmi náà ò sì gbọ́ ohun tó o sọ."

Bíréèkì ló bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀. Ọláwùnmí á padà wá lẹ́yìn tí apá rẹ̀ bá san, yóò kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, yóò ní "Àǹtí, ẹ ṣé." Bàbá rẹ̀ á ṣì máa dúró lẹ́yìn wáyà. Múràínà ló sì máa jẹ̀bi bíréèkì tó bàjẹ́. Fadérera rò ó títí dé ibẹ̀, ìtìjú sì mú un, nítorí ó rí i pé òun ń rò ó lóòótọ́.

Ó na ọwọ́, ó tan iná Ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀.

"Fadérera Adégòkè," ló wí, kí ìbéèrè tó dé. "Mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn padà."

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tó parí, Ẹlẹ́rìí ní kó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí dígí. Ó gbé e lé e. Ó tutù. "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni ohùn náà wí, ó sì parí síbẹ̀: ọwọ́ Fadérera náà ti di ọwọ́ tí ọkọ̀ kò ní gbà mọ́.

Ọkọ̀ adárìn kan ṣoṣo ló kù tó ń lọ sí Kíṣí lọ́sàn-án náà. Bàbá Àkànjí ti wà nínú rẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn nígbà tí Fadérera wọlé. Wọ́n ti fi aṣọ funfun di eékún rẹ̀. Igbó igi òrí ń kọjá lójú fèrèsé, kò sí ẹni tó ń wo ọ̀nà.

"Wọ́n ti sọ fún mi," ni ọkùnrin náà wí nígbẹ̀yìn.

Fadérera fẹ́ kúnlẹ̀ láàárín ìjókòó.

"Má kúnlẹ̀. Àyè kò tó." Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni lọ́jọ́ náà?"

"Mo mọ̀ kí n tó dúró. Bíréèkì náà ń dá mi lóhùn kí n tó pè é. Ohun tó mú mi dúró nìyẹn. Mo fẹ́ yọ nǹkan náà sápò kí wọ́n tó dé." Ó fọwọ́ pa eékún. "Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí nígbà yẹn. Ọmọdé ni ọ́. Mo ní, jẹ́ kí n gbà á fún un lónìí, yóò wá bá mi nílé lálẹ́. O ò wá. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo retí rẹ títí ojú fi ń ti èmi gan-an pé mò ń retí."

"Ẹ ì bá ti sọ ọ́, Ọ̀gá."

"Ǹ bá ti sọ ọ́. Àárọ̀ òní gan-an, ǹ bá ti sọ ọ́ fún ọmọ mi. Òkúta ẹfun ni mo ń sọ fún un, mi ò sọ ìdí. Mo fẹ́ kó gbà mí gbọ́ láìjẹ́ pé mo ṣàlàyé." Ó yíjú sí fèrèsé. "Nítorí náà, má dà á lé orí ara rẹ nìkan bí ẹni pé ìwọ nìkan lo wà láyé. Má sì bẹ̀ mí. Mi ò tíì ní ohun tí mo lè fi dá ọ lóhùn."

Ọláwùnmí ti jí dáadáa nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ti de apá rẹ̀ mọ́ àyà. Fadérera dúró nídìí ibùsùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kóró kékeré náà títí dé ìdáhùn tó fún un láàárọ̀. Kò fi omijé bò ó. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán láìmira. Ẹnu ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ dúró sí ló ń wò.

"Bàbá, ẹ ti jẹ́ kí n máa pè yín ní olè. Níwájú àwọn ènìyàn. Fún ọdún márùn-ún."

"Mo jẹ́ kó o pè mí."

Ọláwùnmí fa aṣọ ìbora sókè. "Àǹtí Fadérera," ló wí láìwò ó, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ẹ jẹ́ kí bàbá mi wọlé."

Ó jáde. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ nǹkan lábẹ́ ẹkún náà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, kò sì súnmọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì kan dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Àwọn ẹbí nìkan la ń jẹ́ kó dúró níbí. Kí lẹ jẹ́ sí aláìsàn, kí n kọ ọ́ síbí?"

Fadérera la ẹnu láti ní olùkọ́ rẹ̀ lòun.

"Èmi ni mo ní kó ṣe é," ló wí.

Nọ́ọ̀sì náà wò ó, kò yé e. Fadérera kí i pé ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì wà lókè, ó sì gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn jáde sójú títì.